Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Nínú Ọkọ̀ Orval Skaar

Tó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá Orval Skaar ló ń bọ̀ lójú ọ̀nà Judith Gap, má wulẹ̀ wo ọkọ̀ rẹ̀, iye ọkọ̀ tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ni kó o kà. Wọ́n á tó mẹ́fà, wọ́n á tó mẹ́jọ, gbogbo wọn á máa yọjú wá ibi tí wọ́n máa gbà yà á sílẹ̀. Òun ní tirẹ̀ á rọra gbé ìka kan sókè lórí sítíárìn láti kí ọ, bí a ṣe máa ń kí ara wa lápá ibí, á sì máa bá tirẹ̀ lọ bí ẹni tí ilẹ̀ kò lè ṣú bá.

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ti lò. Oòrùn ti bó ọ̀dà orí rẹ̀, ajá ti jẹ ìjókòó ẹ̀gbẹ́ kan, ilẹ̀kùn ọ̀tún kì í sì í ṣí àfi téèyàn bá fà á lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ti rin ogún ọ̀kẹ́ máìlì, mẹkáníìkì kankan ò sì tíì tú u rí. Ní Montana tiwa níbí, ọkùnrin lè gbàgbé ọjọ́ ìbí ìyàwó rẹ̀ kí wọ́n sì fojú fò ó. Ẹni tí kò bá mọ iye máìlì tí ọkọ̀ rẹ̀ ti rìn ni a máa ń wò tìyanu-tìyanu. Iṣẹ́ Orval ni pé ó ń bá àwọn ọlọ́sìn fa màlúù, ẹṣin àti koríko gbígbẹ láti oko kan dé òmíràn, nínú tírélà gígùn tó máa ń so mọ́ ìdí píkọ́ọ̀pù yìí. Kò sẹ́ni tó gbé ẹran fún un tí ẹran náà dé pẹ̀lú ọgbẹ́.

Àwọn èèyàn a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà sì mọ̀. Delmar Voss, tí wọ́n ti jọ ń bára wọn bọ̀ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kì í jẹ́ kó mu kọfí rẹ̀ lálàáfíà.

"Orval, jọ̀ọ́, ṣé o ń wa ọkọ̀ ni àbí ò ń páàkì? Mo rí ẹ lánàá. Màlúù tó o gbé ti bímọ kó o tó dé Harlowton."

"Ọmọ náà ńkọ́?" Orval ń ro ṣúgà. "Ṣó yè?"

"Ó yè! Ó ti ń jẹ koríko!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tọ́bò tìẹ ńkọ́, Delmar? Èyí tó o rà lóṣù karùn-ún, ṣóun náà yè?"

Gbogbo ilé kọfí bú sẹ́rìn-ín. Delmar ti ra tọ́bò mẹ́ta láàárín ọdún mẹ́rin, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀.

Tọ́bò ni fáànù kékeré tó ń fi èéfín gbígbóná ẹ́ńjìnnì fẹ́ atẹ́gùn padà sínú rẹ̀. Òun ló ń fún dísẹ́ẹ̀lì lágbára láti fa ẹrù gun òkè. Ọkọ̀ tó ń fa ẹrù ní agbára, ó ní ẹrù, ó ní epo, mo sì lè sọ fún yín pé orogún mẹ́ta ni wọ́n: bó o bá ṣe ọ̀kan lóore jù, àwọn méjì yòókù á yàn ẹ́ lódì. Orval mọ bó ṣe ń pín ojú rere fún wọn. Géèjì kan wà níwájú rẹ̀ tó ń sọ bí èéfín ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Tí ọwọ́ géèjì bá wà nísàlẹ̀ ẹgbẹ̀fà, ayé dẹ̀. Tó bá ti kan ẹgbèje, písítọ̀nù, irin tó ń lọ sókè-sódò nínú ẹ́ńjìnnì, ti fẹ́ máa yọ́ bí àbẹ́là nìyẹn. Ní gbogbo òkè tí Orval ti gùn láyé rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kí géèjì kọjá ẹgbẹ̀fà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Àṣà kejì wà. Tọ́bò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè, iná ni. Tó o bá pa ẹ́ńjìnnì lójijì, òróró inú rẹ̀ á jóná mọ́ ọn lára, ìgbà díẹ̀ sí i fáànù náà á gan. Nítorí náà, nígbà tí Orval bá dé ibi tó ń lọ, kì í sọ̀ kalẹ̀. Á jókòó, ẹ́ńjìnnì á máa kùn, òun á máa wo géèjì títí yóò fi bọ́ sí irinwó. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló sábà máa ń gbà. Ìgbà yẹn ni yóò tó pa á. Gbogbo wa la ń ṣe é lápá ibí, ṣùgbọ́n àwa a máa gbàgbé. Orval kì í gbàgbé. Marlys ìyàwó rẹ̀ á ṣí fèrèsé ilé ìdáná, á pariwo: "Orval! Oúnjẹ ń tutù nítorí kí ọkọ̀ lè tutù o!" Òun á gbé ìka kan sókè fún un láti inú ọkọ̀, bó ṣe ń kí ará ọ̀nà.

Marlys ti kú. Ọdún kẹrin rèé. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Janelle, ogún máìlì péré ni ilé rẹ̀ sí ti bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, kò tẹ ilé náà mọ́ àfi lọ́jọ́ Kérésì, nígbà náà pàápàá kì í bọ́ kóòtù ọrùn rẹ̀. Àwọn èèyàn ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló dájà sílẹ̀. Janelle ra píkọ́ọ̀pù tuntun, ó ní kí wọ́n fi àpótí kékeré kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn, tó ní nọ́ńbà kan sí márùn-ún. Nọ́ńbà tó kéré, agbára díẹ̀. Nọ́ńbà tó ga, ọkọ̀ á fò bí ẹyẹ. Wọ́n ní ìyẹn ló bí Orval nínú. Irọ́ ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

Ọjọ́ tí àìsàn ọkàn gbé Marlys dé ilé ìwòsàn, Orval ń fa ọmọ màlúù ogún lọ sí apá àríwá. Wọ́n pè é lórí fóònù. Kò dúró tú tírélà, ó yí orí ọkọ̀ padà pẹ̀lú ẹran lẹ́yìn, ó sì tẹ iná bí kò ṣe tẹ̀ ẹ́ rí. Janelle dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ní òkè ilé ìwòsàn náà. Ìyá rẹ̀ bi í pé, "Bàbá ẹ ti dé?" Ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí píkọ́ọ̀pù náà níwájú ìta. "Ó ti dé, Mọ́mì. Ó wà nísàlẹ̀." Ó tún yọjú. Èéfín ṣì ń jáde nídìí ọkọ̀. Orí bàbá rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí sítíárìn. Ìyá rẹ̀ tún béèrè. "Ó ń bọ̀, Mọ́mì. Ó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀." Kò gun àtẹ̀gùn kankan. Ó jókòó.

Nígbà tí Orval fi máa wọlé, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì ti pa ojú Marlys dé.

"Kí lẹ ń ṣe nínú ọkọ̀?" Janelle bi í níbẹ̀, lójú òkú.

"Ẹ́ńjìnnì gbóná," ni Orval wí.

Ìyẹn nìkan ló sọ. Mo mọ̀ pé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í mọ ohun tẹ́nu rẹ̀ ń sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́ ọ, kò sì lè ṣàìgbọ́ ọ mọ́.

Ní oṣù kẹwàá tó kọjá, fóònù dún nílé Orval láàárọ̀ kùtù, ó ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì.

"Dádì."

Orval gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Níbo lo wà?"

"Lórí òkè tó wà lẹ́yìn Judith Gap. Tansy ni. Inú ń run ún láti òru, ìfun ẹ̀ ti lọ́. Dókítà Rukavina ní kí n máa gbé e bọ̀ ní Trask, pé tí òun ò bá là á lónìí, ó máa kú. Ọkọ̀ mi ti kú. Ó kàn ṣe gbàà, èéfín funfun..."

"Mò ń bọ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Tansy í ṣe. Abo ẹṣin pupa ni, ọdún méje. Ìyá rẹ̀ kò rí i bí, ọ̀sán gangan ni, òjò dídì ń rọ̀. Marlys ló ká aṣọ dé èjìká, tó ti ọwọ́ bọ inú ẹṣin náà, tó fà á jáde. Ó gbé e fún Janelle, ó ní, "Gbà, tìẹ nìyí." Nínú gbogbo ohun tí ọwọ́ Marlys ṣe láyé, ẹṣin yìí ló ṣì ń mí.

Nígbà tí Orval débẹ̀, afẹ́fẹ́ ń jà lórí òkè náà débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já ilẹ̀kùn gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Janelle wà nínú tírélà, ó di okùn ọrùn ẹṣin náà mú. Òógùn ti bo Tansy, ó ń wo ìhà rẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan ń gún un níbẹ̀. Orval na ọwọ́ wọ iwájú ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ láti pa iná rẹ̀. Ó rí àpótí kékeré náà. Orí nọ́ńbà karùn-ún ló wà. Nọ́ńbà kejì ni wọ́n fi ń fa ẹrù, kò sí olùgbé Judith Gap tí kò mọ̀ ọ́n. Ìkarùn-ún wà fún ọkọ̀ tó ṣófo, fún ìdíje àárín ìgboro lọ́jọ́ Sátidé. Janelle ti gbàgbé láti dá a padà. Ó so ẹrù mọ́ ọn, ó tẹ iná gun òkè, písítọ̀nù yọ́. Orval gbé ojú sókè, ó rí i pé ọmọ òun rí òun.

"Mú ṣéènì yẹn wá," ni ohun tó sọ.

Wọ́n so tírélà mọ́ ìdí ọkọ̀ àgbà. Janelle fa ilẹ̀kùn ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì, ó wọlé. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti jókòó níbẹ̀ gbẹ̀yìn. Máìlì márùn-ún kò tíì tán tí ìjà fi bẹ̀rẹ̀.

"Dádì, ẹ tẹ iná."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́."

"Márùndínláàádọ́rin lẹ wà! Ẹ wò ó, ọkọ̀ tó gbé àgùntàn ń yà wá sílẹ̀! Àgùntàn!"

"Mo rí i."

"Ẹṣin yẹn ń kú!"

Orval kò gbé ohùn sókè. "Nell, fetí sílẹ̀. Epo tó wà nínú táǹkì ò ju gálọ́ọ̀nù mẹ́rìnlá lọ. Ó ku ọgọ́fà máìlì ó lé díẹ̀. Afẹ́fẹ́ yìí ń bọ̀ níwájú. Tí mo bá sáré márùndínlọ́gọ́rin, máìlì mẹ́jọ ni gálọ́ọ̀nù kan á gbé wa, a gbọ́dọ̀ yà ra epo. Ká wọlé, ká tò, ká fi tírélà yìí yí po jáde, ogún ìṣẹ́jú. Tí mo bá dúró síbi tí mo wà yìí, a ò ní yà rárá. Ìṣẹ́jú márùn-ún la máa fi yá ju ẹni tó sáré lọ. Mo ti ṣírò ẹ̀ nígbà tí mò ń bọ̀."

"Ẹ ti ṣírò ẹ̀." Janelle yí ojú sí fèrèsé. "Mọ́mì ń kú, ẹ ń ṣírò. Gbogbo ìgbà lẹ máa ń ṣírò."

Ẹsẹ̀ Orval kò kúrò níbi tó wà.

Lẹ́yìn Harlowton, ilé epo kan wà lápá òsì. Ọkọ̀ alágùntàn tó yà wọ́n sílẹ̀ wà níbẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ dúró ti ẹ̀rọ epo, ọkọ̀ méjì wà níwájú rẹ̀. Orval kọjá lára rẹ̀, ó gbé ìka kan sókè. Janelle rí i. Láti ibẹ̀ lọ, kò ní kí bàbá òun tẹ iná mọ́.

Ilé ìwòsàn ẹran Dókítà Rukavina wà lórí òkè Trask gan-an. Máìlì mẹ́fà ni òkè náà, kò ní ibì kan tó ti tẹ́jú, bó o bá sì ti dé téńté orí rẹ̀, géètì dókítà ló kọjú sí ọ. Wọ́n ti gun máìlì kan nínú rẹ̀ nígbà tí tírélà mì jìgìjìgì, tí ohun kan sì gbá irin lẹ́yìn wọn gbàmù.

"Ó ti ṣubú," ni Janelle wí. "Dádì, ó ti dùbúlẹ̀! Dókítà ní tó bá ti dùbúlẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí yí, ìfun yẹn á já!"

Ó tún gbá irin. Ó tún gbá a. Orval wo dígí ẹ̀gbẹ́, ó wo géèjì. Ọwọ́ géèjì wà ní ẹgbẹ̀fà géérégé, níbi tó ti fi í sí ní gbogbo òkè láti ọdún mẹ́rìnlélógún.

"Di bẹ́líìtì ẹ," ló wí, ó sì tẹ iná dé ìsàlẹ̀.

Ọkọ̀ àgbà náà ké. Èéfín dúdú bo tírélà, ó bo ọ̀nà. Ó gba jíà, ó fà, ó fà. Géèjì kọjá ẹgbẹ̀fà. Ó kọjá ẹ̀ẹ́dẹ́gbèje. Iná pupa tó ń sọ pé epo ti fẹ́ tán mọ́lẹ̀. Janelle tó ti pariwo kí wọ́n tẹ iná láti àárọ̀ ni kò lè gbé ojú kúrò lára géèjì báyìí. Ó ti yọ́ ẹ́ńjìnnì kan lọ́jọ́ náà, ó mọ bó ṣe máa ń dún.

"Dádì, ó ti kan ẹgbèje."

"Mo rí i."

"Dádì, ó ti kọjá ẹ̀!"

"Mo ní mo rí i, Nell."

Wọ́n dé orí òkè, wọ́n wọ géètì, Orval tẹ bíréèkì níwájú ilẹ̀kùn ńlá. Dókítà Rukavina àti àwọn méjì mìíràn ti ń sáré bọ̀. Ọwọ́ géèjì ṣì wà lókè lọ́hùn-ún. Ooru ń gba abẹ́ sítíárìn jáde bí ti ẹnu ààrò. Ẹ́ńjìnnì ń kùn. Janelle rí bàbá rẹ̀ tó ń wo géèjì. Ó mọ ohun tó kàn: á jókòó. Ó ti rí i láti ojú fèrèsé rí.

Orval pa ọkọ̀ náà.

Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Kí Janelle tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, bàbá rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ó ń sáré, bàbá ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin tí orúnkún ń dùn, fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kò mú un. Ó já ilẹ̀kùn tírélà ṣí, ó wọlé tọ ẹṣin náà lọ, ó gbé èjìká sábẹ́ ọrùn rẹ̀. "Dìde, ọmọ Marlys," ó ń wí. "Dìde, dìde." Tansy dìde. Wọ́n mú un wọlé.

Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lù nígbà tí Dókítà Rukavina jáde, ó ń nu ọwọ́. "Ó máa yè," ó ní. "Ìfun náà ti dúdú, ṣùgbọ́n kò tíì kú. Ẹ dé lásìkò." Janelle jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Orval wo bàtà rẹ̀, ó ní ẹ ṣeun, Dókítà, ó sì jáde lọ síbi ọkọ̀.

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Janelle tẹ̀ lé e, ó di apá mọ́ àyà, ó ń wò ó. Àwọn méjèèjì mọ ohun tí wọ́n ń retí. Orval tú rọ́bà ẹnu tọ́bò, ó ti ìka kan bọ̀ ọ́, ó ta fáànù náà. Fáànù náà yí. Ó tì í síbí, ó tì í sọ́hùn-ún. Kò mì. Ó dá rọ́bà padà, ó wọ inú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí èéfín. Kò sí ìró àjèjì. Ó ń kùn bó ṣe ń kùn láàárọ̀, bó ṣe ti ń kùn láti ogún ọ̀kẹ́ máìlì.

Ayọ̀ mú Janelle gbàgbé ara rẹ̀. "Ẹ wò ó, Dádì! Kò ṣe nǹkan kan!"

"Kò ṣe nǹkan kan," ni Orval tún un sọ.

Ó jókòó, ó ń gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ka lẹ́tà tó pẹ́ kó tó dé.

"Nell," ó ní, "ká ní mo pa á lọ́jọ́ yẹn náà, kì bá tí ṣe nǹkan kan."

Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí Janelle ti ń dúró kí ọ̀rọ̀ yìí jáde lẹ́nu bàbá rẹ̀. Ó ti rò ó lóru àti lọ́sàn-án, ohun tí òun máa fi dá a lóhùn. Nígbà tó wá gbọ́ ọ, kò dùn mọ́ ọn rárá. Ó mú fìlà bàbá rẹ̀ nílẹ̀ níbi tó bọ́ sí, ó gbọn eruku rẹ̀. Ó lọ yípo iwájú ọkọ̀, ó fa ilẹ̀kùn ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì, ó wọlé, ó sì pa á dé. Ó gbé fìlà náà lé bàbá rẹ̀ lórí itan, kò sì mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ọwọ́ géèjì ti wà nísàlẹ̀ irinwó tipẹ́. Iná epo ṣì ń tàn pupa, epo tó ṣẹ́ kù ń jó lọ lásán. Kò sẹ́ni tó pa ẹ́ńjìnnì nínú àwọn méjèèjì.